Séèfù Bàbá Aláago àti Nọ́ńbà Àlọ-Àbọ̀

Èrò pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aláago láàárọ̀ ọjọ́ náà bí ìgbà tí wọ́n bá ń pín nǹkan ọ̀fẹ́. Àwọn kan wọ aṣọ ìgbéyàwó, àwọn kan kàn ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ wọn ni, wọ́n gbọ́ ariwo, wọ́n sì yà wá wòran. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè ní Abẹ́rẹ́, torí pé kò sí aṣọ tó nípọn tó tí kò lè gún já, ń fi èjìká la ọ̀nà láàárín wọn nígbà tí ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ojú ọkùnrin kan.

Ojú pàdé ojú, ayé sì dákẹ́ díẹ̀.

Ọkùnrin náà ga, ó fẹ̀yìn ti ògiri, géńdé méjì sì di apá rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. Kóòtù rẹ̀ ti ya léjìká. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn ń wo Abẹ́rẹ́ bí ẹni tí odò ń gbé lọ ṣe ń wo ẹni tó dúró létí bèbè. Àyà Abẹ́rẹ́ ṣe kì. Ó bá ara rẹ̀ wí nínú lọ́hùn-ún pé, "Iṣẹ́ lo bá wá o, ìwọ obìnrin yìí." Ṣùgbọ́n àyà kì í gbọ́ èdè ọlọ́pàá.

"Òun nìyẹn! Olè nìyẹn!" Àǹtí ìyàwó ló ń pariwo, fìlà rẹ̀ fẹ̀ bí agbòòrùn. "Tíṣà ìṣirò! Ó kàwé kàwé, ìwé wá sọ ọ́ di olè!"

Sájẹ́ńtì tó ti ṣáájú dé sáré wá pàdé ọ̀gá rẹ̀, ikùn rẹ̀ ń ṣáájú òun náà. "Ọ̀gá, ẹjọ́ yìí ti jinná. Ká kàn bù ú jẹ ló kù."

"Ta ló sè é?" Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Ẹ ẹ̀ rí i ni? Àǹtí yẹn."

"Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

* * *

Ṣọ́ọ̀bù náà kéré, aago ló bo ògiri rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, gbogbo wọn ń dún kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń rojọ́ ẹlòmíì. Tábìlì iṣẹ́ kan wà láàárín, àga méjì dojú kọ ara wọn nídìí rẹ̀, iná kan ṣoṣo ló sì ń tàn sí àga méjèèjì. Lẹ́yìn tábìlì ni àwọn àpótí pẹlẹbẹ kéékèèké wà, èyí tí wọ́n ń kó irin wẹ́wẹ́ sí, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní igun yàrá ni séèfù wà. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Bàbá Aláago jókòó, ó gbé orí lé ọwọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, ẹni tó ti ń bá Bàbá ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe, dúró ti Bàbá, ó ń fi páálí fẹ́ ẹ.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ni wọ́n gbé?"

"Lẹ́tà."

"Wúrà ńkọ́? Aago olówó ńkọ́?"

"Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́tà ìyàwó mi olóògbé nìkan ni. Kó tó dákẹ́ ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ wa, ó ní kí n fún un láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi pa á mọ́. Láàárọ̀ yìí gbogbo wa wà níta, a ń ya fọ́tò. Mo wọlé láti wá mú un, mo ṣí séèfù... lẹ́tà ò sí níbẹ̀ mọ́."

Ìyàwó fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, kò bìkítà fún eruku. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Àǹtí ọlọ́pàá," ó ní, "ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí màmá mi lọ. Mi ò mọ ohùn wọn. Lẹ́tà yẹn ni ohùn wọn. Gbogbo ilé yìí ló mọ ohun tí mo ti ń sọ láti kékeré: bí mi ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ màmá mi, mi ò ní lọ ilé ọkọ kankan. Ọkọ mi wà níbi ìgbéyàwó, ó ń dúró dè mí. Ẹ jọ̀ọ́, kò ní lè dúró títí."

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má sunkún ba àtíkè yẹn jẹ́. A ó rí i."

Ó dìde, ó wo séèfù. Wọn ò já a, wọn ò fọ́ ọ. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ṣí i.

"Ta ló mọ nọ́ńbà yìí, Bàbá?"

Bàbá gbé ojú wálẹ̀. "Èmi nìkan. Àfi ti alẹ́ àná. A jẹun tán, inú mi dùn, mo bá pa àlọ́. Mo ní nọ́ńbà séèfù mi jẹ́ ẹyọ mẹ́fà, pé bí ẹ bá kà á lọ, bí ẹ bá kà á bọ̀, bákan náà ni. Mo tún ní onígun-dọ́gba ni. Tíṣà, ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, jókòó sórí àga Ọ̀gá Kékeré yìí, ó mú bébà, ó ronú, ó ṣírò, ó sì kọ ọ́ kalẹ̀. Nọ́ńbà mi gan-an! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú."

"Bébà náà ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ iná níbẹ̀, bó ṣe fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: 698896. Ó kọjú sí àga Ọ̀gá Kékeré.

* * *

Yàrá ẹ̀yìn ni Abẹ́rẹ́ mú Tíṣà lọ. Sájẹ́ńtì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jìnwìnjìnwìn.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n jẹ́wọ́ ni, àbí ẹ fẹ́ kí n ṣàlàyé?" Tíṣà béèrè.

"Èwo ló yá jù?"

"Ìjẹ́wọ́ ló yá jù. Kìkì pé irọ́ ni."

Abẹ́rẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. "Wọ́n ní ẹ ti kọnu ìfẹ́ sí ìyàwó yìí rí."

"Òótọ́ ni. Ó ní òun ò lè fẹ́ ẹni tó máa ń ka àtẹ̀gùn kó tó gùn ún. Lẹ́yìn náà ni mo mú ọ̀rẹ́ mi wá mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹni tó fẹ́ da ìgbéyàwó rú ló máa ń bá wọn wá ọkọ?"

"Níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò?"

"Mo ń rìn kiri lẹ́yìn ilé, mo ń há ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ níbi ìgbéyàwó sórí. Kò sẹ́ni tó rí mi."

"Kò sẹ́ni tó rí i," Sájẹ́ńtì tún un sọ bí àdúrà. "Ọ̀gá, ṣé kí n dè é?"

"Ẹ fara balẹ̀. Tíṣà, báwo lẹ ṣe mọ nọ́ńbà náà láì jẹ́ pé ẹ yọjú wò ó níbì kan?"

Ojú Tíṣà tàn bí ẹni tí wọ́n bi léèrè nípa olólùfẹ́ rẹ̀. Ó sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ wò ó. Nọ́ńbà àlọ-àbọ̀ ẹlẹ́yọ mẹ́fà, kò sí èyí tí mọ́kànlá kì í pín tán láìṣẹ́kù. Ẹ mú èyíkéyìí tó bá wù yín. Ẹ mú ẹyọ àkọ́kọ́, ẹ yọ èkejì kúrò, ẹ fi ẹ̀kẹta kún un, ẹ yọ ẹ̀kẹrin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Òdo ni ẹ ó bá, torí tọ̀tún á ti pa tòsì rẹ́. Nígbà tí mọ́kànlá bá ti rí òdo yẹn, ó ti ráyè wọlé."

"Ó yé mi. Onígun-dọ́gba ńkọ́?"

"Ká ní ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ tó tó iye yẹn jọ. Bí ẹ bá lè tò wọ́n kí ìbú àti òró dọ́gba, onígun-dọ́gba nìyẹn. Nínú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, mọ́kànlá kì í dá rìn. Méjì-méjì ló ń wá, bí ìbejì. Ọ̀kan á wà nínú ìbú, ọ̀kan á wà nínú òró."

"Torí náà, ìbú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí mọ́kànlá pín."

Tíṣà wò ó dáadáa. "Ta ló kọ́ yín ní ìṣirò?"

"Olè ló kọ́ mi. Ẹ máa bá a lọ."

"Àwọn ìbú tó lè jẹ́ kò wá ju méjìlélọ́gọ́ta lọ. Mo ń yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ojú kan láàárín èrò, títí mo fi kan 836. Ẹ sọ 836 di púpọ̀ lọ́nà 836, ẹ ó rí 698896. Nínú gbogbo nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà, òun nìkan ló jẹ́ àlọ-àbọ̀ tó tún jẹ́ onígun-dọ́gba. Kò ní ẹgbẹ́. Ó dá wà."

"Ẹni tó bá dá wà, ojú kì í pẹ́ dá a mọ̀," Abẹ́rẹ́ sọ ọ́ kó tó mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀. Ó yára dìde. Sájẹ́ńtì wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo Tíṣà, ó sì wo àjà.

* * *

"Bàbá, ẹ̀rọ séèfù yìí, ṣé ó máa ń rántí nǹkan?"

Bàbá Aláago gbé orí sókè, bí ẹni tí wọ́n ta jí. "Háà! Mi ò tilẹ̀ ronú kan ìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ nọ́ńbà ṣì, ó máa ń pa á mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi tí mo tú inú rẹ̀. Lálẹ́ àná kó tó di pé mo sùn, ojú rẹ̀ mọ́, kò sí àṣìtẹ̀ kankan."

Ó na ọwọ́ sábẹ́ séèfù, ó tẹ nǹkan kan. Nọ́ńbà pupa yọ: 968869.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Sájẹ́ńtì fò sókè. "Àlọ-àbọ̀ lòun náà! Iṣẹ́ Tíṣà nìyí. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú eléyìí, kò ṣí, ó wá tẹ èkejì."

Abẹ́rẹ́ ti mú bébà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbóná, ọwọ́ rẹ̀ ń yára. "Ẹ jẹ́ ká pín in sí mọ́kànlá. 88079. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká tún un pín..." Ó dúró. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ṣẹ́kù méjì. Mọ́kànlá inú eléyìí kò ní ìkejì! Kò lè jẹ́ onígun-dọ́gba láéláé."

"Kí ni ìyẹn kàn wá, Ọ̀gá?"

"Ó kàn wá gan-an. Alẹ́ àná ni Tíṣà ti mọ èyí tó tọ́, tó kọ ọ́ kalẹ̀ tí Bàbá sì rí i. Ṣé ẹni tó mọ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dájú á kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn ilé kejì? Ẹni tó tẹ 968869 mọ̀ pé àlọ-àbọ̀ ló ń wá, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dán onígun-dọ́gba wò."

"Bóyá ìka rẹ̀ ló yẹ̀."

"Ìka tó bá yẹ̀, ẹyọ kan ló ń ṣì. Ẹ wo eléyìí! Gbogbo mẹ́fà ló di mẹ́sàn-án, gbogbo mẹ́sàn-án ló di mẹ́fà." Ó mú bébà Tíṣà, ó yí i po, orí di ìdí, ó sì gbé e síwájú Sájẹ́ńtì.

Sájẹ́ńtì ka nọ́ńbà náà. Ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sì tètè padé.

"Olè wa rí i lódìlódì," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Torí pé òdì rẹ̀ náà jẹ́ àlọ-àbọ̀, kò fura. Ìgbà tí séèfù kọ̀ fún un ló tó yí i padà lórí ara rẹ̀. Ta ló dojú kọ Tíṣà lálẹ́ àná, Bàbá?"

"Èmi... àti Àǹtí ìyàwó."

* * *

Ṣé ẹ mọ ariwo tí Àǹtí pa? Gbogbo aago inú ilé ló dákẹ́ fún un.

"Èmi! Èmi tí mo gbé ọmọ yìí pọ̀n! Ìwọ ọmọdébìnrin yìí, ṣé wọ́n ṣépè fún ọ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Níbo lẹ wà láàárọ̀ yìí?"

"Pe onífọ́tò! Mo ní kí ẹ pe onífọ́tò!"

Wọ́n pe onífọ́tò, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Ó hàn gbangba: kò sí fọ́tò kan tí Àǹtí ò sí nínú rẹ̀. Nínú èyí tó yẹ kí ó jẹ́ ìyàwó àti bàbá rẹ̀ nìkan, fìlà Àǹtí gba ìdajì. Nínú òmíràn, fìlà náà nìkan lèèyàn rí.

"Ó hàn báyìí?" Àǹtí ní. "Bébà tí ẹ sì ń sọ yẹn, mi ò rí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mi ò gbé awò ojú mi wá, kó má baà ba ẹwà mi jẹ́."

Sájẹ́ńtì kẹ́nu bọ etí ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá, ó ku Bàbá nìkan. Ṣé Bàbá wá jí nǹkan ara rẹ̀ ni?"

Fóònù ìyàwó dún. Ọkọ rẹ̀ ni. Ó wo ojú fóònù náà, kò gbé e, omijé sì tún gba ojú rẹ̀ kan. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, Tíṣà ń wo Abẹ́rẹ́. Ìrètí ojú rẹ̀ ti ń dín kù bí àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán. Abẹ́rẹ́ yí ojú kúrò. Ó mọ̀ pé bí ọ̀nà yìí bá dí, Tíṣà ni wọn ó dè.

Ìgbà náà ló rí ohun kan.

Ara Bàbá Aláago kò lélẹ̀, ó ti mú aago ọwọ́ kan, ó fi awò iṣẹ́ há ojú kan, ó sì ń fi ẹ̀mú tún un ṣe. Ọ̀gá Kékeré náà jókòó sórí àga tirẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ̀rọ̀. Bàbá fa bébà pélébé kan, ó kọ 47 sí i, ó fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀gá Kékeré kò na ọwọ́ sí i, kò yí i. Ó kàn ju ojú sí i láti òdìkejì, ó dìde, ó lọ tààrà sí àpótí 47, ó sì mú irin kan wá.

Abẹ́rẹ́ fà sún mọ́ Bàbá. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lẹ́nu?"

Bàbá yọ awò kúrò lójú. "Ẹni tó mú ẹ̀mú dání kì í sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Èémí ẹnu á fẹ́ irin wẹ́wẹ́ lọ. Bébà la fi ń bára wa sọ̀rọ̀."

"Apá ọ̀dọ̀ yín ni ojú bébà sì máa ń kọ sí?"

"Nígbà gbogbo. Kò yí i rí. Ó ti mọ́ ọn lára, òdì ló ń kà bí ẹni ń ka òótọ́."

Ara Abẹ́rẹ́ bù máṣọ. Ó ti rí i! Ó ti yé e! Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ọ̀gá Kékeré nígbà tí onítọ̀hún lọ fún Bàbá ní irin náà. Ó kọ 66 sórí bébà kan, ó kọ ojú rẹ̀ sí àga ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì kúrò níbẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ọ̀gá Kékeré padà, ó rí bébà. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó lọ sídìí àwọn àpótí, ó sì fa 99 yọ.

"Kí lẹ ń wá nínú 99?" Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Bàbá ló..." Ó wo Bàbá. Bàbá kò kọ nǹkan kan. Ó wo bébà. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà.

"Èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni mo kọ ojú rẹ̀ sí, 66 ló sì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga yẹn á mú 66. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa yí i padà, torí gbogbo bébà orí tábìlì yìí, òdì ló máa ń wà lójú yín. Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, àga yín ni Tíṣà jókòó lé. Òótọ́ ló wà níwájú yín láàárọ̀ yìí, ọwọ́ iṣẹ́ yín sì sọ ọ́ dòdì."

"Ọ̀gá Kékeré ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ nígbà tí Tíṣà kọ ọ́," Bàbá ní. "Ó ti gbọ́ àlọ́ náà, ó wá lọ bu omi."

"Ìyẹn gan-an ni, Bàbá. Bó bá rí ibi tí Tíṣà jókòó sí nígbà tó ń kọ ọ́, kò bá tí ṣì í."

Ìyàwó dìde nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bọ̀dá?" ó ní. "Bọ̀dá, ẹ̀yin?"

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló wó odi. Ọ̀gá Kékeré fi ẹ̀yìn ti àwọn àpótí náà.

"Mi ò ṣí i," ó ní. "Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò ṣí i. Mo kàn rò pé bí lẹ́tà ò bá sí, o ò ní jáde. Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ rà, ọjọ́ kan tí màá fi lè sọ ohun tí mi ò rí sọ fún ọ láti gbogbo ọdún yìí wá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?" ìyàwó béèrè.

"Ẹ̀mú wà lọ́wọ́ mi nígbà gbogbo."

Àǹtí ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí. Sájẹ́ńtì rọra ki ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sápò.

"Ẹ sì rí wọn tí wọ́n dì mí mú," Tíṣà sọ fún Ọ̀gá Kékeré láti ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo. "Ẹ rí kóòtù mi."

"Mo rí i. Ẹ dárí jì mí. Bí wọ́n bá fẹ́ mú yín lọ, mo ti pinnu pé màá sọ̀rọ̀." Ó dorí kodò. "Mo rò pé mo ti pinnu."

Tíṣà yí kúrò níwájú rẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ́rẹ́, apá wọn kan ara wọn. "Ẹ pín in lẹ́ẹ̀kejì," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan ni wọn ì bá pín in, wọn ì bá sì dè mí."

"Iṣẹ́ mi ni," Abẹ́rẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbóná, Sájẹ́ńtì sì rí i. Ó kọjú sí Ọ̀gá Kékeré. "Bàbá ni yóò sọ bóyá ó fẹ́ fẹjọ́ sùn. Tèmi ni kí lẹ́tà yẹn jáde. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó fi lé e lọ́wọ́."

Ọ̀gá Kékeré lọ sídìí aago gíga kan tó dúró ní kọ̀rọ̀. Ó ṣí ikùn rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn irin tó ń mì, ó sì fa àpòòwé kan yọ. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí olóògbé ṣe lẹ̀ ẹ́ pa náà ló ṣì wà.

Ó gbé e wá síwájú ìyàwó. Ìyàwó na ọwọ́, ó dì í mú. Ọ̀gá Kékeré kò fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, àpòòwé láàárín wọn, aago gbogbo ń dún kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́ lórí ògiri.

"Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ, Bọ̀dá," ìyàwó ní. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n kò mì. "Ọkọ mi ló ń dúró dè mí yẹn, òun ni mo yàn. Màmá mi ló sì wà lọ́wọ́ yín yìí. Ẹ fún mi ní màmá mi."

Ìka ọ̀dọ́mọkùnrin náà tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi lẹ́tà náà sílẹ̀ fún un.